Nígbà tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Fúnra Wọn Ṣẹ̀dá Eré: Àlàyé fún Olùkọ́, Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹni tí ó bá ti lọ síbi ayẹyẹ ìparí ọdún ẹ̀kọ́ rí yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Àwọn ọmọ ti wọ aṣọ òfì, wọ́n ti lé tìróò, wọ́n ti fi àtíkè funfun kun irun kí wọ́n lè dà bí arúgbó. Eré bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lójijì, ọmọ tí ó ń ṣe ọba dúró gbagidi ní àárín ìtàgé. Ọ̀rọ̀ tí ó há sórí ti fò lọ. Olùkọ́ ń sọ ọ́ sí i láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ọmọ kò gbọ́. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ọmọ náà kò ka iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni a fi sí i lẹ́nu. Kò mọ ìdí tí ọba fi bínú. Ohun tí ọba yóò sọ nìkan ni ó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ hun ìtàn náà, tí wọ́n jọ jiyàn lórí ìbínú ọba, bí gbólóhùn kan bá tilẹ̀ sọnù, yóò wá òmíràn fi dípò rẹ̀, eré yóò sì máa lọ.

Àlàyé yìí dá lórí irú eré bẹ́ẹ̀: eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpele JSS 1 sí JSS 3 fúnra wọn wá ìtàn rẹ̀, tí wọ́n fúnra wọn tò ó, tí wọ́n sì fúnra wọn gbé e sórí ìtàgé. A kọ ọ́ fún ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, fún ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ mọ ohun tí ọmọ yín ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn aago ìparí ẹ̀kọ́, àti fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá.

Ohun tí a ń pè ní eré àtinúdá akẹ́kọ̀ọ́

Oríṣi eré méjì ni ó lè wáyé ní ilé-ẹ̀kọ́. Èkíní ni eré tí òǹkọ̀wé ti kọ sínú ìwé, irú bíi Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Irú eré yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó ń fi èdè tí ó jinlẹ̀ àti ìtàn ìlú han ọmọ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Èkejì ni eré àtinúdá. Nínú èyí, kò sí ìwé kankan nílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìbéèrè ni ó wà nílẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì fi ìtàn dáhùn rẹ̀.

Ọjọ́ orí àwọn ọmọ yìí bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu púpọ̀. Ọmọ ọdún 11 sí 14 kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́, kò sì tíì di àgbà. Ó ti ń rí ohun tí ó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ ní àyíká rẹ̀, ó ti ń béèrè pé, "Kí ló dé?" Ó mọ bí a ṣe ń sín olùkọ́ jẹ, ó mọ ìrìn aláboyún, ó mọ ohùn kọ̀ǹdọ́kítọ̀. Gbogbo èyí ni ohun èlò eré ṣíṣe, láìná kọ́bọ̀.

Ètò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú fi àyè sílẹ̀ fún un. Eré ṣíṣe wà lára iṣẹ́ Cultural and Creative Arts tí a ń kọ́ ní ìpele JSS, lítíréṣọ̀ Yorùbá náà sì ní ẹ̀ka eré oníṣe. Olùkọ́ tí ó bá lo ìlànà yìí kò yà kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlànà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa

Àwọn kan lè sọ pé ṣíṣe eré láìní ìwé jẹ́ àṣà tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó. Ìtàn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1826, nígbà tí arìnrìn-àjò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin ní kí àwọn òṣèré ṣeré fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí òṣèré tí ó di ejò ńlá, òun sì rí òmíràn tí ó di òyìnbó funfun, tí ó ń fín áṣáà, tí ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn òṣèré náà ti wo òyìnbó, wọ́n sì ti sọ ohun tí wọ́n rí di eré. Ohun tí a ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe náà nìyẹn: kí wọ́n la ojú wọn, kí wọ́n wo ayé, kí wọ́n sì fi eré sọ ohun tí wọ́n rí.

Nígbà tí eré orí ìtàgé ti òde òní bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ni ó ti gba agbára. Hubert Ògúndé, tí a bí ní Òṣoṣà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ṣe olùkọ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní ọdún 1944 ni ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Olùkọ́ náà ni Dúró Ládípọ̀, ẹni tí eré rẹ̀ Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní ọdún 1963, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé e lọ sí Berlin nílẹ̀ Jámánì ní ọdún 1964. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń kó àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn iṣẹ́ láti ṣeré kò dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ àwọn tí ó ṣáájú ni ó ń tọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ eléré alárìnká wa kì í ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí gbé, ó sì bá wọn ṣeré. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2000, ó ṣàlàyé pé olórí ẹgbẹ́ a máa sọ ìtàn àti bí ìran ṣe tẹ̀ lé ìran fún àwọn òṣèré, àwọn òṣèré a sì máa fi ẹnu ara wọn dá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń gbé e láti ìlú dé ìlú ni ọ̀rọ̀ náà ń dán sí i. Ìtàn ni ó ń ṣáájú, ọ̀rọ̀ a sì tẹ̀ lé e. Ìlànà yìí gan-an ni ó rọrùn jù fún ọmọ ọdún 12.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Sáà ẹ̀kọ́ kan tó láti ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìpàdé méjì lọ́sẹ̀, ìpàdé kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 40, yóò gbé eré kan jáde tí kò ní í ju ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ. Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní kíláàsì JSS 2 kan ni, tí wọ́n jẹ́ ọgbọ̀n ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: wíwá ìtàn. Olùkọ́ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ni ohun tí ẹ rò pé àwọn àgbà kò mọ̀ nípa yín?" Ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sórí bébà pélébé láìkọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì jù ú sínú páálí. Olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ dá kà gbogbo rẹ̀, kí ó lè yọ ohun tí kò yẹ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ka ìyókù sétígbọ̀ọ́ kíláàsì. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọmọ mẹ́rin ni ó kọ ohun tí ó jọra: bí àwọn bá pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ àwọn, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìdí. Kíláàsì dìbò, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pe eré wọn ní Ta Ni Ó Pẹ́?

Ọ̀sẹ̀ kejì: títo ìran. Wọ́n fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ìran kìíní: ọmọbìnrin kan pẹ́ dé ẹnu géètì, wọ́n sì ní kí ó kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ìran kejì: a padà sí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ náà ní ilé wọn, níbi tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ lọ ẹ̀wà àkàrà. Ìran kẹta: ó ń ta àkàrà ní ìdíkọ̀, owó sì kù tí ó gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó lè lọ. Ìran kẹrin: wọ́n pe ìyá rẹ̀ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gàdàgbà sórí pátákó. Eegun ẹ̀yìn eré náà nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: fífi ẹnu dá ọ̀rọ̀. Wọn kò tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún bọ́ síwájú, wọ́n gbìyànjú ìran kan, àwọn yòókù ń wò. Ẹgbẹ́ mìíràn tún ìran kan náà ṣe ní ọ̀nà tiwọn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ tí ó ń ṣe ìyá kàn ń pariwo, ó ń gbá ọmọ létí bí ìyá burúkú inú fíìmù. Olùkọ́ kò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ó béèrè pé: "Aago mélòó ni ìyá yìí jí?" Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ó rán wọn lọ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn alákàrà tí ó wà ní àdúgbò wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyá inú eré náà ti yí padà. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́:

"Mo mọ̀ pé o máa pẹ́. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Bí a ò bá rówó ẹ̀wà tọ̀la yọ lára èyí, kí la máa jẹ?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Wọ́n á tún ní kí n kúnlẹ̀ ni."

Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ náà. Ìwádìí ni ó fà á jáde. Láti ìgbà náà, kò tún sí ẹni burúkú nínú eré wọn mọ́. Àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ dùn ni ó wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: kíkọ sílẹ̀. Akọ̀wé méjì tàbí mẹ́ta ni yóò kọ èyí tí ó dára jù nínú ohun tí wọ́n ti fi ẹnu dá. Bí fóònù olùkọ́ bá wà, a lè gba ohùn sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè rọrùn fún wọn. Níbi ìkọsílẹ̀ yìí ni olùkọ́ èdè Yorùbá yóò ti kọ́ wọn ní àmì ohùn, ìlànà kíkọ ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì àti bí a ṣe ń pín eré sí ìran. Ẹ̀kọ́ náà yóò wọlé sí wọn lára ju ti ojoojúmọ́ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni wọ́n fẹ́ kọ kí ó tọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkeje: ìdánrawò. A pín iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò bọ́ sí ìtàgé. Ẹnìkan yóò darí, àwọn kan yóò lu ìlù, àwọn kan yóò bójú tó aṣọ, àwọn kan yóò kó ohun èlò wọlé àti síta, ẹnìkan yóò jókòó ti ìwé láti máa rán òṣèré létí. Ohun mẹ́ta ni kí a tẹnu mọ́: kí ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí òṣèré kan má ṣe bo òmíràn mọ́lẹ̀, kí òṣèré sì máa tẹ́tí sí ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ dípò kí ó máa dúró de àyè tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: ọjọ́ eré. A óò padà sọ̀rọ̀ lórí èyí.

Ohun tí ọmọ ń rí kọ́

Èrè àkọ́kọ́ jẹ mọ́ èdè. Nínú eré, ọmọ kò lè sọ̀rọ̀ lásán. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe ìyàwó ilé yóò rí i pé nínú àṣà wa, ìyàwó kì í fi orúkọ pe àbúrò ọkọ rẹ̀, àfi kí ó fún un ní orúkọ bíi Bàbá Kékeré tàbí Adúmáadán. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ẹni tí ó ń ṣe oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń nájà, ẹni tí ó sì ń ṣe baálé gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń parí ìjà. Ọmọ tí ó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ọ́ dáadáa yóò rí ìdí pàtàkì láti sọ ọ́.

Èrè kejì jẹ mọ́ làákàyè. Ìtàn kì í dúró bí ohun kan kò bá fa òmíràn. Bí ọmọ bá sọ pé, "Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ di olówó," àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò béèrè pé báwo. Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti dáhùn ìbéèrè yìí nínú eré yóò lè dáhùn rẹ̀ nínú àròkọ àti nínú ẹ̀kọ́ ìtàn.

Èrè kẹta ni gbígbé ara ẹni sí ipò ẹlòmíràn. Ọmọ tí ó máa ń fi àwọn tí ó pẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lè jẹ́ òun ni yóò ṣe ẹni tí ó pẹ́. Kò sí ìwàásù tí ó lè ṣe ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìkúnlẹ̀ náà yóò ṣe fún un.

Èrè kẹrin sì ni pé iṣẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ tí ó ń kólòlò, ọmọ tí ojú máa ń tì, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá: olúkúlùkù wọn ní ohun tí ó lè ṣe, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn nìkan ni kí a máa fún wọn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ipò olùkọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olùkọ́ ni ó lè bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ láti gba gbọ̀ngàn, òun ni ó mọ àkókò ìdánwò, òun ni ó sì mọ ewu tí ọmọ kò rí. Ṣùgbọ́n ìtàn náà wà nínú kèrègbè, ọwọ́ ọmọ ni ó sì lè wọ̀ ọ́.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí olùkọ́ gba eré lọ́wọ́ àwọn ọmọ nígbà tí ọjọ́ bá kù díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé eré kò ní í dára lójú àwọn àlejò, ó sì jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Eré náà lè dán lójú, ṣùgbọ́n ó ti padà di ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu ọmọ, a sì ti padà sí ìdí ọba tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí eré kò bá tíì dára tó, ìbéèrè ni kí olùkọ́ fi ràn án lọ́wọ́: Kí ni ẹni yìí ń fẹ́? Kí ni ó dí i lọ́wọ́? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá dákẹ́? Ìbéèrè mẹ́ta yìí tó láti tún ìran tí ó bá dojú rú ṣe.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ìparí eré ni ó fa àríyànjiyàn jù. Àwọn kan fẹ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dìde, kí ó fún ìyá náà ní owó ńlá. Ọmọkùnrin kan sọ pé irọ́ ni, ọ̀gá náà kò lówó. Òmíràn ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá náà sunkún. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n fẹnu kò pé ọ̀gá yóò béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ eré: "Kí ló dé tí o fi ń pẹ́?" Ọmọbìnrin náà yóò ya ẹnu láti dáhùn, ìlù yóò sì dún. Ó parí síbẹ̀. Olùkọ́ lè ní ìparí tí ó dùn mọ́ òun jù lọ́kàn, ṣùgbọ́n kí ó fi sọ́kàn ni.

Bí eré bá sọ ohun tí àgbà kò fẹ́ gbọ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Ọmọ tí a bá fún ní àyè láti sọ òtítọ́ lè sọ òtítọ́ tí kò dùn: nípa ìyà tí ó pọ̀ jù, nípa omi tí kò sí, nípa ọmọ tí wọ́n fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, nípa àgbà tí ń mutí. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni pé kí a pa eré náà lẹ́nu mọ́.

Ìtàn ilẹ̀ wa ti fi ẹ̀kọ́ kan kọ́ wa lórí èyí. Ní ọdún 1964, ìjọba ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nígbà náà fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ní ọdún 1966, lẹ́yìn tí ìjọba ti yí padà, wọ́n mú òfin náà kúrò. Títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì ń fi orúkọ eré náà ṣe àfọ̀. A lè ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn mọ́ eré, ṣùgbọ́n ohun tí ó fà á tí wọ́n fi ṣe é yóò wà níta níbẹ̀.

Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn ọmọ. Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989 sọ ní abala 12 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ó kàn án. Abala 31 sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn.

Síbẹ̀, òmìnira ní ààlà tí ó ń dáàbò bo ọmọ àti aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé a lè bẹnu àtẹ́ lu ìwà, ṣùgbọ́n a kì í fi eré tú àṣírí ẹnì kan tí a mọ̀. Kí orúkọ, ilé àti àmì ìdánimọ̀ ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú eré.

Bí olùkọ́ bá sì fura pé ìtàn tí ọmọ mú wá jẹ́ ọgbẹ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, bí ìlòkulò tàbí ebi tàbí ìbẹ̀rù ẹnì kan nílé, kí ó má ṣe bi í léèrè lójú kíláàsì, kí ó má sì gbé ìtàn náà sórí ìtàgé. Kí ó pe ọmọ náà sí ìkọ̀kọ̀ ní ibi tí ẹlòmíràn ti lè rí wọn, kí ó tẹ́tí sí i láìdá a lẹ́bi, kí ó má sì ṣe ṣèlérí pé òun kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ fún olùgbaninímọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè ké sí àwọn tí ètò ọmọdé wà níkàáwọ́ wọn. Eré lè dúró. Ààbò ọmọ kò lè dúró.

Ọ̀rọ̀ sí àwọn òbí

Ohun tí ó ń ba òbí lẹ́rù jù ni ináwó. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Eré àtinúdá kò nílò aṣọ tuntun. Ìró ìyá àgbà, fìlà bàbá, agbọ̀n àti agbada àkàrà tí ó ti gbó tó láti fi ìdíkọ̀ àti ilé hàn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní kí gbogbo ọmọ ra aṣọ kan náà ti lé àwọn ọmọ kan jáde nínú eré láìmọ̀. Bí wọ́n bá béèrè owó tí agbára yín kò ká, ẹ lọ sọ ọ́ fún olùkọ́ láìtijú.

Ẹ béèrè àkókò tí ìdánrawò ń parí àti ẹni tí ó ń bójú tó wọn, kí àwọn ọmọ lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọmọ bá sì wá béèrè bí nǹkan ṣe rí nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ẹ má ṣe lé e. Ó lè jẹ́ pé ìdáhùn yín ni ìran kejì eré wọn ń dúró dè.

Ọjọ́ eré àti ẹ̀yìn eré

Ìtàgé gíga àti iná aláràbarà kì í ṣe dandan. Àwọn òṣèré wa àtijọ́ ṣeré ní ojúde, àwọn òǹwòran sì pagbo yí wọn ká. Abẹ́ igi ńlá inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ dára, bí ó bá jẹ́ ọ̀sán tí oòrùn ti rọlẹ̀. Kò ní í sí ìbẹ̀rù pé iná mànàmáná yóò lọ. Kí a tẹ́ ẹní síwájú fún àwọn ọmọ kékeré, kí a to àga sẹ́yìn wọn. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, tí í ṣe ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, àti Ọjọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé, tí í ṣe ọjọ́ 21 oṣù kejì, jẹ́ ọjọ́ méjì tí ó bá irú eré bẹ́ẹ̀ mu.

Bí eré bá parí, kí àwọn òǹwòran má ṣe tètè túká. Kí àwọn òṣèré jókòó síwájú fún ìṣẹ́jú 15, kí àwọn òbí àti olùkọ́ bi wọ́n léèrè, kí àwọn náà sì bi àwọn àgbà. Lẹ́yìn Ta Ni Ó Pẹ́?, fún àpẹẹrẹ, àwọn ọmọ lè béèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ni a lè ṣe fún ẹni tí iṣẹ́ ilé ń dá dúró láàárọ̀?" Ó lè jẹ́ pé òbí kan yóò ní òun ní alùpùpù tí òun lè fi gbé ọmọ méjì. Ó lè jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbà pé kí a kọ́kọ́ máa béèrè ìdí kí a tó fìyà jẹ ọmọ. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ èyí nìkan ni ó jáde nínú rẹ̀, eré náà ti ṣiṣẹ́.

Ní ti máàkì, kí olùkọ́ má ṣe fún òṣèré aṣíwájú nìkan. Kí ó wo ìwé iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan: ìwádìí wo ni ó ṣe, èrò wo ni ó mú wá, kí ni ó tún ṣe nígbà tí ohun àkọ́kọ́ kò dára?

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní sáà tí ń bọ̀ kò nílò ju páálí kan, bébà pélébé àti ìbéèrè kan lọ. Kíláàsì kan ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kí eré náà má sì gùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọ tí ó ń ṣe ọba bá sì tún gbàgbé gbólóhùn kan ní ọjọ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ó mọ ìdí tí ọba fi bínú. Yóò rí nǹkan sọ.